Olùkópa Kẹtàlá

Ọjọ́ kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ni, ní Ṣágámù.
A ti jẹ míìtì-páì tán, iná ti lọ lẹ́ẹ̀mejì,
kí wọ́n tó ní kí Olùkópa Kẹtàlá máa bọ̀ níwájú.
Wọ́n ti kọ nọ́ńbà náà sí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bùbá rẹ̀ láyà.
Èmi ni mo gbé kámẹ́rà.
Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kí n máa yà.

Nítorí náà, ọwọ́ ni mo mọ̀ kí n tó mojú.
Àtàǹpàkò ọ̀tún: èékánná tó le bí ìkarahun ìgbín,
obì ti kùn ún ní pupa, kò ní ṣí mọ́.
Ogójì ọdún ló fi ń bó gbànja ní Sábó,
ìka rẹ̀ a rí ihò kòkòrò
kí ojú tó débẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́:
“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ìka yín ṣí fóònù yìí.”
Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù gbọ̀n, ó kọ̀.
Ó nu ìka mọ́ ìró, ó tún un tẹ̀. Ó kọ̀.
Ó pọ́n ọn lá. Ó kọ̀.
Ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀ wéréwéré:
àṣìṣe, àṣìṣe, àṣìṣe.

Obì ti jẹ ìlà ìka náà tán.
Rírẹ lóní, bíbó lọ́la, wíwé sínú ewé lọ́túnla,
bí òjò ṣe ń pa ipa ẹsẹ̀ rẹ́ lójú ọ̀nà oko.
Ó gbójú sókè wò wá.
“Ta ló ṣàṣìṣe níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi?”
Fáànù nìkan ló dá a lóhùn.

Wọ́n ní kó kúkú bá a sọ̀rọ̀, pé ó gbọ́ Yorùbá.
Ó fi èdè Rẹ́mọ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ ní Mákùn
béèrè iye tí àpò obì ń lọ ní Kánò.
Fóònù náà ronú díẹ̀,
ó wá àwòrán bàtà fún un.

Ìgbà yẹn ló tú ìdí ìró rẹ̀,
ó fa tirẹ̀ yọ: gíláàsì tó ti là, rọ́bà tí a fi dì í.
Kò ní kọ́kọ́rọ́. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú rẹ̀.
Málàmù Gàríbà tó ń ra obì, àwòrán bàrà ni.
Àbíkẹ́yìn rẹ̀ tí kì í jókòó síbì kan, alángbá ni.
Nọ́ńbà kan wà tí kò ní àwòrán rárá,
kò tẹ̀ ẹ́, kò sì pa á rẹ́.
Ó jẹ́ kí a gbọ́ ohùn Málàmù láti Kánò.
“Tó bá wúkọ́ kó tó kí mi, ọjà ti rọ̀ nìyẹn.”
Málàmù wúkọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo rí i nínú àtẹ̀jáde wa:
àmì kékeré kan ní igun àtẹ, ó ta kété sí àwọn yòókù.
Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò
kí ìlà lè gún.

Ṣùgbọ́n mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà,
níbi tí akápò ti ń pín owó ọkọ̀.
Ó ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ síwèé:
ó dúdú gbuuru, kò ní ìlà kan ṣoṣo.
Akápò ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.
Ibẹ̀ ni mo ti ka orúkọ rẹ̀: Ẹfúnyẹmí Odùṣílé.

Mo gba nọ́ńbà rẹ̀.
Mo wá àwòrán obì títí nínú fóònù mi, kò sí.
Àtàǹpàkò ni mo fi sí i.